Bọ́ọ̀sì BOAC Kékeré ti Dinky Toys: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Lára Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Bọ́ọ̀sì kékeré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà fún títà ní ilé ìtajà kan tó ń ta ohun ìṣeré àtijọ́ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 85 pọ́n-ùn ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀, tòun ti páálí rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ọjà Dinky Toys, orúkọ tí ilé iṣẹ́ Meccano ní ìlú Liverpool fi ń ta ọkọ̀ ìṣeré onírin rẹ̀, ni 283, B.O.A.C. Coach ni orúkọ tí wọ́n fún un (B.O.A.C. ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà), Meccano sì ṣe é láti ọdún 1956 títí di 1963. Mo gbé e lé ọwọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òrùlé dé ìsàlẹ̀, mo ná an, mo sì rà á. Ohun tí mo rí ni pé ọjà tó yẹ kí ènìyàn náwó lé ni, pàápàá ọmọ Yorùbá tó bá mọ ohun tí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n wò ṣe é jẹ́ fún àwọn òbí àti òbí àgbà wa tó rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tí ẹ bá rí ló yẹ ní rírà, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é kọ́ ni iye tó yẹ kí ẹ san. Ọ̀dà àkọ́kọ́ àti lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ènìyàn ń fi owó rà níbí. Irin tó wà lábẹ́ wọn kò wọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rò ó lọ nítorí pé irin ni gbogbo ara rẹ̀. Àwọ̀ aró tó dúdú dáadáa ni wọ́n kun ara rẹ̀, wọ́n sì kun òrùlé rẹ̀ ní funfun. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà sí ní kíkún, British Overseas Airways Corporation, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá mọ́lẹ̀ dáadáa yóò sún un mọ́ iná kó tó lè kà á. Imú rẹ̀ rọra yípo, kò gún ṣánṣán bíi ti bọ́ọ̀sì òde òní, gíríìlì iwájú rẹ̀ sì ní ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà mọ́ ara irin náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀, kò sí ìjókòó, kò sì sí dígí lójú fèrèsé. Ihò lásán ni àwọn fèrèsé náà, bí ẹ bá sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó rí òdìkejì kedere.

Àìní dígí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bu ọkọ̀ yìí kù, mo sì gbà pé ẹ̀sùn náà ní ìdí. Ní ọdún 1956 kan náà tí bọ́ọ̀sì yìí jáde ni ilé iṣẹ́ Mettoy gbé Corgi Toys wá sí ọjà láti Swansea ní Wales, dígí ojú fèrèsé sì ni wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ tiwọn. Ó di ọdún 1958 kí Dinky tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dígí sí ojú fèrèsé ọkọ̀ tirẹ̀, síbẹ̀ wọn kò fi sí bọ́ọ̀sì yìí títí tí wọ́n fi ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ọmọ tó bá ní Corgi lọ́wọ́ nígbà náà yóò ti máa wo bọ́ọ̀sì yìí bí ohun àná. Ṣùgbọ́n ní tèmi, àìní dígí yẹn ti di àǹfààní fún ẹni tó ń rà á lónìí, nítorí pé gba ojú ihò fèrèsé wọ̀nyẹn ni ènìyàn lè gbà rí inú ọkọ̀ náà, inú ọkọ̀ sì ni àṣírí ọ̀dà tuntun ti máa ń tú. Mo ń bọ̀ wá sórí èyí láìpẹ́.

Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n wò ṣe é ni èyí tí wọ́n ń pè ní Harrington Contender, tí ilé iṣẹ́ Thomas Harrington ní Hove, ní etí òkun Sussex, ń ṣe. BOAC ní irú rẹ̀ tó ń gbé èrò lọ bọ̀ láàárín pápákọ̀ òfuurufú Heathrow àti ibùdó èrò tí wọ́n ní sí òpópónà Buckingham Palace Road, nítòsí Victoria, ní àárín gbùngbùn London. London Airport ni wọ́n ń pe Heathrow títí di ọdún 1966. Ọdún 1939 ni wọ́n ṣí ibùdó Victoria yẹn, ilé náà ṣì dúró síbẹ̀ di òní olónìí, àwọn aṣàyẹ̀wò ìṣirò owó ìjọba ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú kì í dédé gba pápákọ̀ lọ fúnra rẹ̀ bí a ti ń ṣe lónìí. Ibùdó àárín ìlú ló ń lọ, níbẹ̀ ni yóò ti wọ bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé e, bọ́ọ̀sì náà ni yóò sì gbé e dé pápákọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ láti òkè òkun yóò ṣe wọ bọ́ọ̀sì wọ ìlú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. BOAC ló ń fò láàárín London àti Nàìjíríà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí Nigeria Airways sì bẹ̀rẹ̀ ní 1958, BOAC wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ìkẹjà tàbí láti Kano lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin, iṣẹ́ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, tó bá ti sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n sì ti yẹ ìwé rẹ̀ wò tán, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ gbé e wọ London. Lójú fèrèsé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà wa ti kọ́kọ́ rí ilé oníbíríkì pupa tó so kọ́ra, èéfín tó ń jáde lórí òrùlé, àti òtútù tí wọ́n ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti ilé. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn tó pọ̀ jù bá lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi náà kò jìnnà sí ìtàn ọjà yìí, nítorí pé láti Liverpool ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster, bíi Aureol tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ní 1951, ti ń gbéra wá sí Èkó, Liverpool náà sì ni wọ́n ti ń dà bọ́ọ̀sì kékeré yìí.

Òpópónà Binns Road ni ilé iṣẹ́ Meccano wà ní Liverpool. Frank Hornby ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ ní 1901 fún àwọn irin pẹlẹbẹ alihò tí ọmọdé fi ń kọ́ afárá àti ẹ̀rọ agbérù, wọ́n sì kó wọ Binns Road ní 1914. Orúkọ Dinky Toys jáde ní 1934. Ilé iṣẹ́ Lines Brothers rà wọ́n ní 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe bọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn Binns Road pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1979. Mo sọ èyí nítorí àwọn olùtajà kan tó máa ń sọ pé ọkọ̀ àwọn “ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́” tàbí pé ó jẹ́ “àtúnṣe láti Liverpool”. Kò sí ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tó bá jáde ní àìpẹ́ yìí, ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe é, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Irin tí wọ́n fi dà á jẹ́ síńkì tí wọ́n po alumíníọ̀mù díẹ̀, bàbà díẹ̀ àti magnesium bín-íntín mọ́. Bí òjé bá kó sínú àdàlù yìí, bó ti wù kó kéré mọ, irin náà yóò máa wú, yóò sán, yóò sì fọ́ wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àrùn yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ Dinky tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe bọ́ọ̀sì BOAC, wọ́n ti ń ṣọ́ àdàlù náà dáadáa, nítorí náà ẹ̀rù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí. Síbẹ̀ mo fi ẹ̀yìn èékánná ra ìgun òrùlé àti àyíká fèrèsé, mo sì gbé e sórí tábìlì títẹ́ láti wò bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹsẹ̀ balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fẹsẹ̀ balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni mo fẹ́ fi àkókò púpọ̀ sí. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ra mọ́tò tòkúnbọ̀ ṣe máa ń béèrè bóyá ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀ kó tó béèrè ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ra Dinky gbọ́dọ̀ ṣe. Àwọn ènìyàn wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ha ọ̀dà tó ti bàjẹ́ kúrò, tí wọ́n ń kun tuntun, tí wọ́n sì ń lẹ lẹ́tà tuntun mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, kò sì sí aburú nínú rẹ̀ bí olùtajà bá sọ bẹ́ẹ̀ tó sì tà á ní iye tó yẹ ẹ. Ohun tó burú ni kí wọ́n pè é ní ojúlówó. Ẹ wo gíríìlì iwájú àkọ́kọ́. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ fẹ́lẹ́, kò dí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n tún kùn sábà máa ń nípọn, ìlà náà a sì di bíi pé ọṣẹ kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ojú fèrèsé kí ẹ sì wo inú òrùlé. Nínú èyí tí mo rà, ọ̀dà aró tó fọ́n wọlé nígbà tí wọ́n ń kùn ún hàn nínú, ó mọ́ ní ibì kan, ó rí gátagàta ní ibòmíràn, irin eérú sì hàn láàárín wọn. Bí iṣẹ́ ìgbà náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí inú bá mọ́ tónítóní, tí ọ̀dà sì dọ́gba káàkiri, ẹ béèrè ìbéèrè.

Ìsàlẹ̀ ló kù. Páànù dúdú tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ orúkọ Dinky Toys àti Made in England sára páànù náà, wọ́n sì fi rífẹ́ẹ̀tì so ó mọ́ ara ọkọ̀. Orí rífẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú rí máa ń yípo, ó máa ń dán díẹ̀, ọ̀dà páànù kì í sì í yọ púpọ̀ ní àyíká rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ lu, tí wọ́n sì tún dí padà, yóò ní àmì fáìlì, tàbí kí ẹ rí ṣúkúrú kékeré tàbí gúlúù níbẹ̀. Ti tèmi kò ní àmì kankan. Ohun kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ ni pé ẹnì kan ti fi ìṣó tàbí ohun mímú kan kọ lẹ́tà méjì sára páànù náà, bóyá orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ ni ín, kó má bàa pòórá mọ́ ti ọmọ mìíràn. Olùtajà kà á sí àbùkù, ó sì dín owó díẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń rẹ sínú omi kí wọ́n tó fà á sára ọkọ̀, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ Binns Road, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, sì fi ń lẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣe retí pé yóò gún régé. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì èyí tí mo rà, ìlà orúkọ náà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lẹ́tà N tó kẹ́yìn nínú Corporation sì ti ṣí kúrò. Lẹ́tà tuntun tí wọ́n ń tà fún àtúnṣe máa ń dán ju ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ lọ, etí ìwé tín-ínrín rẹ̀ a sì hàn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síhà iná. Bọ́ọ̀sì tí gbogbo ọ̀dà rẹ̀ ti họ, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà rẹ̀ pé láìyẹ̀, kò bára mu.

Níbí ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ilé ìtajà náà wà. Wọ́n kọ sínú àlàyé pé ọkọ̀ náà “rí bíi tuntun”. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà funfun ti ṣí ní ibi mẹ́ta ní etí òrùlé, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn, èyí tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ṣí. Bọ́ńpà iwájú náà ti họ. Ipò tó dára ni mo máa pè é, kì í ṣe bíi tuntun, ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì sì tó ogún tàbí ọgbọ̀n pọ́n-ùn nínú irú ọjà yìí. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè, tí iná sì pọ̀ lórí rẹ̀, bo àwọn ibi tó ṣí náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá rà á láti ọ̀nà jíjìn lórí ọ̀rọ̀ wọn nìkan yóò ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́ tó kù: nígbà tí mo tọ́ka sí àwọn ibi náà, ẹni tó ń tà á kò jiyàn, ó gbé awò amú-nǹkan-tóbi wá, a jọ wò ó, ó sì gbà. Ó gbà mí láyè láti yẹ̀ ẹ́ wò fún bí mo ṣe fẹ́ láìsí pé ó ń dúró lé mi lórí, ó sì sọ ohun kan tí èmi kò tíì rí, pé táyà ẹ̀yìn méjì kì í ṣe ti àkọ́kọ́.

Táyà kì í ṣe ohun tó yẹ kó dá yín dúró. Rọ́bà lásán ni, ó máa ń gbẹ, ó máa ń sán, ẹlòmíràn a sì di pẹlẹbẹ ní ojú kan nítorí ìdúró pípẹ́. Owó kékeré ni wọ́n ń ta tuntun, kò sì sí olùkójọ kankan tó ń ka pípààrọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ ọ́. Rímù ni kí ẹ wò, kí ó ṣì jẹ́ aláwọ̀ aró bí wọ́n ti ṣe é, kí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ má sì tẹ̀.

Páálí rẹ̀ ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà, ó sì yẹ kí ẹ fojú sí i bí ẹ ṣe fojú sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Páálí yẹ́lò ni, wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀sì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 283 sì wà ní orí rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń tẹ páálí tuntun jáde fún àwọn tí tiwọn ti sọnù, ìyẹn kò sì burú bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àtúntẹ̀ ni. Páálí àtijọ́ máa ń ṣókùnkùn nínú, etí rẹ̀ máa ń rọ̀, àwòrán ara rẹ̀ kì í sì í mú ṣáṣá bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní. Èyí tí mo rà ti pàdánù ètè kan, ìyẹn etí tí wọ́n ń ṣẹ́ sínú láti fi dé páálí, wọ́n sì ti fi téèpù lẹ igun kan ní ìgbà kan rí, téèpù náà ti di àwọ̀ oyin. Mi ò ní yọ ọ́, nítorí pé bí ẹ bá fà á, yóò bá àwọ̀ yẹ́lò náà lọ.

Lẹ́yìn ìdúnàádúrà, 65 pọ́n-ùn ni mo san, mo sì gbà pé iye yẹn tọ́ sí ipò tó wà. Bí ẹ bá rí èyí tí òrùlé rẹ̀ mọ́, tí lẹ́tà rẹ̀ pé, tí páálí rẹ̀ sì ní gbogbo ètè rẹ̀, 85 tí wọ́n kọ́kọ́ pè kò pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ti kùn tuntun kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ, bó ti wù kó dán tó.

Fún ẹni tí owó yìí bá pọ̀ lójú rẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Matchbox ṣe bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfuurufú kan ní 1958, nọ́ńbà 58, ó kéré gan-an, owó rẹ̀ sì máa ń rọrùn. Ṣùgbọ́n BEA ló wà lára ìyẹn, kì í ṣe BOAC. BEA ló ń fò láàárín ilẹ̀ Yúróòpù, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìrìn àjò Nàìjíríà, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí olùtajà kankan sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Duple Roadmaster ti Dinky, nọ́ńbà 282, náà wà. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀, àmọ́ ọkọ̀ arìnrìn-àjò lásán ni, kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára. Lójú tèmi, bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan ṣoṣo nítorí ìtàn tó so mọ́ ìdílé yín, ẹ fi sùúrù dúró de BOAC tó dára.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé. Ọ̀dà ìgbà náà lè ní òjé nínú, ọmọdé sì máa ń kó ohun gbogbo sẹ́nu. Ẹ má ṣe fi bọ́ọ̀sì yìí fún ọmọ ṣeré, bó ti wù kó sunkún tó, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e. Inú àpótí onígíláàsì ni tèmi wà, kúrò lójú oòrùn, nítorí pé oòrùn ń pa àwọ̀ yẹ́lò páálí ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ ní kí olùtajà di ọkọ̀ àti páálí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọkọ̀ irin bá wà nínú páálí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ju ẹrù káàkiri, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ya ètè páálí náà kó tó dé. Ilé ìtajà tí mo bá ná ọjà gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba owó kún owó, wọ́n sì fi ìwé rírọ̀ tí kò ní ásíìdì wé òrùlé rẹ̀ kí ọ̀dà funfun náà má bàa tún ṣí.